Ámpílífáyà, Wúfà àti Etí: Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ojú ní ìpéǹpéjú tí ó fi ń dì. Ẹnu ní ètè tí ó fi ń pa dé. Etí nìkan ni kò ní ìlẹ̀kùn. Bí a bá sùn, òun kì í sùn. Ohun tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wíwọlé ni yóò wọlé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera, bí ó tilẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ iná mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ náà ni ti orin ńlá inú mọ́tò. Kò sí ẹni tí ń gbé ìlú ńlá bí Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tí kò mọ̀ ọ́n. Mọ́tò kan yóò máa bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò. Kí a tó fojú kàn án, fèrèsé ilé yóò ti máa gbọ̀n, abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù yóò máa ró wọnwọn, àyà àgbàlagbà yóò sì máa lù kìkì. Gbohùngbohùn ńlá tí ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní wúfà, ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fún un ní agbára, èyí tí a ń pè ní ámpílífáyà.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbádùn orin. Orin dára fún ara, ó sì ń mú kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ rọrùn láti fara dà. Ìbéèrè tí àwọn tí ó fẹ́ fi wúfà sí mọ́tò wọn sábà máa ń bi ara wọn ni pé: “Ámpílífáyà oní-wáàtì mélòó ni ó yẹ wúfà mi?” Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Ìwọ̀n mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ẹyọ kan. Ámpílífáyà gbọ́dọ̀ bá wúfà mu. Wáyà àti fíùsì gbọ́dọ̀ bá ámpílífáyà mu. Ohùn tí ó ń jáde sì gbọ́dọ̀ bá etí ènìyàn mu. Bí ìwọ̀n kìíní bá yẹ̀, wúfà yóò jóná. Bí ìkejì bá yẹ̀, mọ́tò lè jóná. Bí ìkẹta bá yẹ̀, etí ni yóò bàjẹ́. Bí owó bá wà, a lè ra wúfà mìíràn, a sì lè ra mọ́tò mìíràn. Ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí a ti ń ra etí.

OHUN TÍ A KỌ SÍ ARA PÁÁLÍ

Wáàtì ni a fi ń wọn agbára ẹ̀rọ wọ̀nyí. Bí ẹ bá wo páálí ámpílífáyà lọ́jà, iye tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà: 1000 wáàtì, 2000 wáàtì, 3000 wáàtì, tí wọ́n sì kọ MAX tàbí PEAK sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iye yìí dàbí owó tí ìyá ọlọ́jà kọ́kọ́ pè. Kì í ṣe òun ni a ń san. Agbára tí ẹ̀rọ náà lè ní fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni wọ́n ń sọ. Alágbàrù lè gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà láti inú ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ní láti rù ú láti Kétu dé Ọ̀jọ́tà, àpò kan pàápàá yóò tó o. Agbára tí ẹ̀rọ lè fi rin ọ̀nà jíjìn ni àwa ń wá. Òun ni wọ́n máa ń kọ RMS sí lára. RMS ni kí ẹ wò lára ámpílífáyà, RMS náà ni kí ẹ wò lára wúfà. Ẹ má ṣe fi MAX ọ̀kan wé RMS èkejì láéláé.

Láti 2003 ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ báyìí ní Amẹ́ríkà ti ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní CEA-2006 nígbà náà, tí orúkọ rẹ̀ ti di CTA-2006 lónìí. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ wọn RMS ámpílífáyà rẹ̀ pẹ̀lú iná 14.4 fóòtì, lórí 4 óòmù, kí ìdíbàjẹ́ ohùn má sì ju 1 nínú 100 lọ. Bí ẹ bá rí àmì yìí lára páálí, ẹ lè gba iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ gbọ́.

Bí kò bá sí àmì náà ńkọ́? Ẹ wo fíùsì tí ó wà lára ámpílífáyà fúnra rẹ̀. Páálí lè purọ́, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún fíùsì láti purọ́. Ká ní fíùsì méjì ni ẹ rí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 áńpíà. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 40. Iná inú mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ sábà máa ń tó nǹkan bí 13.8 fóòtì. 40 lọ́nà 13.8 jẹ́ 552 wáàtì. Èyí ni iná tí ó lè máa wọ inú ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò sì di ohùn. Apá kan yóò di ooru. Irú ámpílífáyà tí a ń pè ní Class D máa ń sọ nǹkan bí 80 nínú 100 di ohùn. Irú èyí tí a ń pè ní Class AB máa ń sọ nǹkan bí 50 sí 60. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀rọ yìí lè máa gbé jáde kò ju nǹkan bí 440 wáàtì bí ó bá jẹ́ Class D, tàbí nǹkan bí 300 bí ó bá jẹ́ Class AB. Bí wọ́n bá wá kọ 2000 wáàtì sí ara páálí rẹ̀, ẹ̀yin náà ti mọ irú ọjà tí ó wà níwájú yín.

ÓÒMÙ DÀBÍ PÁÌPÙ OMI

Nǹkan kejì tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ ni óòmù. Orúkọ Georg Ohm, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1827, ni a fi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi omi ẹ̀rọ ṣe àpèjúwe. Fóòtì ni agbára tí ń ti omi láti inú táńkì. Áńpíà ni bí omi tí ń ṣàn ti pọ̀ tó. Óòmù ni bí páìpù ti há tó. Bí óòmù bá pọ̀, páìpù há, iná díẹ̀ ni yóò kọjá. Bí óòmù bá kéré, páìpù fẹ̀, iná púpọ̀ yóò sì ya wọlé.

Wúfà mọ́tò sábà máa ń jẹ́ 4 óòmù tàbí 2 óòmù. Bí a bá so wúfà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4 óòmù mọ́ ámpílífáyà, tí a so àmì + méjèèjì pọ̀, tí a sì so àmì − méjèèjì pọ̀, wọn kì yóò di 8. 2 óòmù ni wọn yóò dà. Páìpù méjì ni a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yẹn, omi tí yóò gba inú wọn kọjá yóò sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá sín wọn tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, tí a so − ti ìkíní mọ́ + ti ìkejì, wọn yóò di 8 óòmù. Wúfà kan ṣoṣo sì lè ní kọ́ìlì méjì nínú. Ìlànà kan náà ni a fi ń so wọ́n.

Kí ni ó kan ìlera nínú èyí? Bí ìwé ámpílífáyà bá sọ pé óun kò lè gbé ohun tí ó kéré sí 2 óòmù, tí ẹnì kan wá so ó mọ́ 1 óòmù kí orin lè pọ̀ sí i, iná tí ó ju agbára ẹ̀rọ náà lọ ni yóò máa ṣàn nínú rẹ̀. Yóò gbóná bí ààrò. Bí ó bá ní ààbò, yóò kú fúnra rẹ̀. Bí kò bá ní, yóò jó, ó sì lè jẹ́ abẹ́ àga tí ọmọ jókòó sí ni ó wà.

Nígbà náà, bí a ṣe ń mú wọn bá ara wọn mu rèé. Ẹ ka RMS wúfà yín. Ẹ ṣírò óòmù tí yóò jẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti so gbogbo rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ámpílífáyà tí RMS rẹ̀, lórí óòmù yẹn gan-an, bá ti wúfà dọ́gba tàbí tí ó sún mọ́ ọn. Bí wúfà bá jẹ́ 400 wáàtì RMS, tí ó sì jẹ́ 4 óòmù, ẹ wá ámpílífáyà tí ó lè gbé 300 sí 400 wáàtì RMS jáde lórí 4 óòmù. Ẹ ṣọ́ra níbí o: ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 400 sí lè jẹ́ pé lórí 2 óòmù ni ó ti ń gbé 400 jáde, lórí 4, ó lè má ju nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ. Bí wúfà bá sì jẹ́ méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ 400, 800 ni àpapọ̀ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

KÉKERÉ TÍ A FI IPÁ LÒ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ámpílífáyà ńlá nìkan ni ó ń jó wúfà. Wọn a ní, “Ẹ jẹ́ kí n ra kékeré, kí n má bàa ba nǹkan jẹ́.” Èrò náà dára, ṣùgbọ́n àbọ̀ òtítọ́ ni. Ámpílífáyà kékeré tí a lò jẹ́jẹ́ kì í ṣe wúfà ní ibi. Èyí tí a fi ipá lò ni ó ń jó o.

Ohùn ń lọ sókè sódò bí ìgbì omi. Bí a bá béèrè ohun tí ó ju agbára ámpílífáyà lọ, kò lè gbé ìgbì náà dé òkè mọ́. Orí ìgbì yóò di pẹrẹsẹ, bí ìgbà tí a fi àdá gé orí koríko ọgbà. Ìgbì tí a gé lórí báyìí lè gbé agbára tí ó sún mọ́ ìlọ́po méjì iye RMS ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ tí ẹ rò pé 200 wáàtì ni, ó lè máa ti nǹkan bí 400 bọ inú wúfà yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a wé sínú wúfà yóò gbóná, gọ́ọ̀mù tí ó dì í mú yóò rọ̀, yóò sì jó. Bí ohùn bá ti ń ha, tí ó ń fọ́, tàbí tí òórùn ohun tó ń jó bá ń ti inú búùtù wá, ẹ rẹ ohùn náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí ó ń fa èyí jù ni bọ́tìnnì kékeré kan lára ámpílífáyà tí wọ́n kọ GAIN sí. Kì í ṣe bọ́tìnnì tí a fi ń gbé orin sókè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ámpílífáyà bá ohùn tí ó ń ti ọ̀dọ̀ rédíò bọ̀ mu. Ẹni tí ó bá yí i dé òpin kò fi agbára kankan kún ẹ̀rọ rẹ̀. Orí ìgbì ni ó ń gé.

Ríwáyà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe é báyìí. Yóò yọ wáyà wúfà kúrò. Yóò yí GAIN wálẹ̀ pátápátá, yóò sì pa BASS BOOST. Yóò gbé ohùn rédíò dé ibi mẹ́ta nínú mẹ́rin. Yóò fi ohùn kan tí kò yí padà, bí irú èyí tí ó jẹ́ 50 Hz, sínú rédíò. Yóò yí mítà rẹ̀ sí AC, yóò gbé e lé ojú ibi tí a ti ń so wúfà, yóò wá máa yí GAIN sókè díẹ̀díẹ̀ títí mítà yóò fi dé iye tí a ti ṣírò. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ sọ wáàtì RMS di ìlọ́po óòmù, kí ẹ wá wá nọ́ńbà tí a ó fi sọ ara rẹ̀ di ìlọ́po tí yóò fún yín ní iye náà. 400 lọ́nà 4 jẹ́ 1600. 40 lọ́nà 40 náà jẹ́ 1600. Nítorí náà, mítà gbọ́dọ̀ dúró ní 40 fóòtì. Bí RMS ámpílífáyà àti ti wúfà kò bá dọ́gba, èyí tí ó kéré nínú méjèèjì ni kí a fi ṣírò. Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe gbé ohùn rédíò kọjá ibi mẹ́ta nínú mẹ́rin mọ́.

WÁYÀ, FÍÙSÌ ÀTI ÈÉFÍN

Bátìrì mọ́tò jẹ́ 12 fóòtì, kò lè gbá ènìyàn bí iná ilé. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wáyà rẹ̀ bá bó, tí ó kan ara irin mọ́tò, iná tí yóò ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà tó láti sọ wáyà di pupa, kí ó sì tan iná ran kápẹ́ẹ̀tì àti àga.

Ámpílífáyà 400 wáàtì RMS tí ó jẹ́ Class D yóò fa nǹkan bí 36 áńpíà láti ara bátìrì nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ tagbáratagbára. Wáyà rédíò tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gbé irú èyí. Nọ́ńbà tí ó wà lára wáyà ni kí ẹ wò: bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni wáyà ṣe nípọn tó. Wáyà 8 gauge tí ó jẹ́ bàbà gidi lè gbé ti ẹ̀rọ yìí. Fún ẹ̀rọ tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀, 4 gauge ni kí ẹ bèèrè. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá bàbà gidi ni tàbí alumíníọ̀mù tí a fi bàbà bò. Èyí tí a bò yẹn kò lè gbé iná tó bàbà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fíùsì ńlá gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà náà, kí ó má sì jìnnà sí bátìrì ju nǹkan bí 45 sẹ̀ǹtímítà lọ. Fíùsì tí ó wà lára ámpílífáyà ní búùtù kò lè rọ́pò rẹ̀. Ìdí ni pé wáyà tí ó wà láàárín bátìrì àti búùtù ni fíùsì yìí ń ṣọ́. Bí wáyà bá bó ní agbede méjì, fíùsì tí ó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Níbi tí wáyà bá ti gba ojú ihò irin kọjá láti iwájú sínú mọ́tò, ẹ rí i pé rọ́bà yí ihò náà ká. Bí fíùsì bá já, ẹ wá ìdí tí ó fi já. Ẹ má ṣe fi ìṣó, wáyà tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ lé ọlọ́dẹ lọ, ó sì ṣílẹ̀kùn fún olè.

Àpótí wúfà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ dè mọ́lẹ̀. Ó wúwo, bí a bá tẹ bíréèkì lójijì, ó lè ti ẹ̀yìn sọ lu àwọn tí ó jókòó. Ẹ má sì jẹ́ kí ó dí ọ̀nà ẹ̀rọ apaná.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀yin ìyá àti bàbá gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ọmọ yín. Nítorí pé ámpílífáyà ńlá máa ń mu bátìrì gbẹ, àwọn kan a fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá jókòó gbọ́ orin. Bí ó bá jẹ́ nínú gáréèjì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè, ewu ikú ni. Èéfín carbon monoxide tí ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Kí ènìyàn tó mọ̀ pé orí ń fọ́ òun, ó ti lè dákú. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti fojú ọ̀pọ̀ ìdílé rí ní ilẹ̀ wa. Èéfín kan náà ni.

ETÍ KÌ Í MỌ ARIWO LÁRA

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ìwọ̀n kẹta, èyí tí a kò kọ sí ara páálí kankan. Nínú etí lọ́hùn-ún, ẹ̀yà ara kan wà tí ó ká bí ìkarahun ìgbín. Nǹkan bí 15,000 sẹ́ẹ̀lì ni ó wà nínú ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ní irun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí. Bí ohùn bá wọlé, àwọn irun wọ̀nyí a máa tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún bí koríko nínú afẹ́fẹ́, wọn a sì mú kí ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ jẹ́jẹ́, koríko a tún dìde. Bí ìjì bá ń jà lé e lórí lójoojúmọ́, yóò dùbúlẹ̀ títí láé. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá kú nínú etí ènìyàn, òmíràn kì í hù rọ́pò rẹ̀.

Dẹ́síbẹ̀lì ni a fi ń wọn ohùn. NIOSH, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, fi lélẹ̀ pé ènìyàn kò gbọdọ̀ wà nínú ariwo 85 dẹ́síbẹ̀lì ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí ó bá fi 3 péré lé sí i, tí ó di 88, àkókò náà di wákàtí 4. Ní 91, ó di wákàtí 2. Ní 94, wákàtí 1. Ní 97, 30 ìṣẹ́jú. Ní 100, 15 ìṣẹ́jú. Ní 109, kò tó ìṣẹ́jú 2. Mọ́tò tí a tì fèrèsé rẹ̀, tí orin ńlá wà nínú rẹ̀, lè kọjá 100 láìṣe wàhálà. Fún orin tí a fi ń gbádùn ara wa, Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ sọ pé kí ó má ju 80 dẹ́síbẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kan fún àgbàlagbà, àti 75 fún àwọn ọmọdé. Àjọ náà sì ti kìlọ̀ pé ó ju bílíọ̀nù kan àwọn ọ̀dọ́ tí etí wọn wà nínú ewu nítorí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin.

Níbí ni kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra wáàtì kún wáàtì ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá sọ 300 wáàtì di 600, ohùn yóò fi 3 dẹ́síbẹ̀lì péré lé sí i. Ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ó yàtọ̀. Kí ohùn tó lè dàbí ìlọ́po méjì létí yín, wáàtì ní láti tó ìlọ́po mẹ́wàá: 300 yóò di 3000. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lo gbogbo agbára tuntun náà, 3 dẹ́síbẹ̀lì tí ẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ yìí kan náà ni yóò gé àkókò tí etí yín lè fara dà sí méjì. Owó ìlọ́po méjì, adùn díẹ̀, ìdajì àkókò. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò yóò rí i pé ẹ̀rọ tí kò tóbi, tí gbogbo rẹ̀ bá ara wọn mu, dùn ó sì mọ́ létí ju ẹ̀rọ ńlá tí a kàn so pọ̀ lọ.

Ọ̀dọ́ kan lè dáhùn pé, “Ẹ má ṣèyọnu, bàbá, ó ti mọ́ mi létí.” Ọmọ mi, etí kì í mọ ariwo lára, kíkú ni ó ń kú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ohùn fẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ, irú bí ohùn ọmọdé àti ti ẹyẹ. Lẹ́yìn náà, ènìyàn yóò máa rò pé gbogbo ayé ni ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹ ro ti ọmọ kékeré tí ẹ gbé sí àga ẹ̀yìn pẹ̀lú. Òun ni ó sún mọ́ wúfà jù, kò sì lè sọ pé kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Aboyún náà kò gbọdọ̀ fi ara ti àga tí wúfà ń mì jìgìjìgì, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gba inú ara kọjá dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Awakọ̀ tí orin bò mọ́lẹ̀ kò sì ní gbọ́ fèrè ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ Ó YẸ KÍ A KÍYÈ SÍ

Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ohùn, èyí tó: bí orin bá ń lọ, tí ẹ ní láti kígbe kí ẹni tí ó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́, ohùn náà ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tí etí yín ń hó wooo, tàbí tí ó dàbí ẹni pé òwú dí i, etí ń bẹ̀ yín ni. Ẹ fún un ní ìsinmi. Bí etí híhó náà kò bá lọ, bí àwọn ará ilé bá ń sọ pé ẹ ń gbé tẹlifíṣọ̀n sókè jù, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà etí kí ó yẹ̀ yín wò. Bí etí kan bá dí lójijì tí kò gbọ́ràn mọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí ẹ tó dé ọsibítù, nítorí ìtọ́jú tètè ní irú èyí máa ń ṣe ìrànlọ́wọ́. Ẹ má ṣe ro òróró gbígbóná sí i, ẹ má sì ki ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi ìṣáná bọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó sanwó fún ríwáyà, ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún yìí. Èkíní: mélòó ni RMS wúfà, mélòó sì ni ti ámpílífáyà? Èkejì: óòmù mélòó ni yóò jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá so ó tán, ṣé ámpílífáyà lè gbé e? Ẹ̀kẹta: irú wáyà wo ni, ṣé bàbà gidi ni? Ẹ̀kẹrin: níbo ni fíùsì ńlá yóò wà, áńpíà mélòó sì ni? Ẹ̀karùn-ún: ṣé mítà ni ẹ ó fi ṣe GAIN, àbí etí lásán? Ẹni tí kò bá lè dáhùn márààrún, ẹ má ṣe fi mọ́tò yín kọ́ ọ níṣẹ́.

Ìbéèrè kẹfà, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ bi ara yín nígbàkúgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé ohùn sókè: ta ni ó jókòó lẹ́yìn?